Bọ́lá Ìgè, Lọ́yà Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè Tó Di Gómìnà

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, bí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé bá ti délẹ̀, àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ kì í pẹ́ dárúkọ Olóògbé Bọ́lá Ìgè. Ẹni tó ń yìn ín yóò yìn ín, ẹni tí inú ń bí náà yóò sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àárín wa ní tiwọn, ikú ọkùnrin náà nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n yìnbọn pa mínísítà kan ní Bódìjà, ó parí. Èyí kò tó. Ogójì ọdún ni Bọ́lá Ìgè fi ṣe lọ́yà, tó sì ń ṣe òṣèlú mọ́ ọn, kí àwọn apànìyàn tó wọlé tọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ṣe, àti èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó, ló kan agbẹ̀, olùkọ́, ìyá ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn yìí náà ni ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú-ewé yìí sọ́tọ̀ fún un lóṣù yìí.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù September, 1930, ni wọ́n bí i. Ará Ẹ̀sà-Òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè Ọya ló ti gbọ́njú. Kaduna ló ti ṣe kékeré, ó sì tó ọmọ ọdún bíi mẹ́rìnlá kí ó tó wá sí ìhà tiwa láti kàwé ní Ibadan Grammar School. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ bó ṣe ń sọ Haúsá bí ọmọ onílẹ̀, ibi tó ti kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tó dàgbà ó kọ ìwé kan lórí ìgbà èwe rẹ̀ náà, ó pè é ní Kaduna Boy, ìwé náà sì jáde ní 1991.

Láti ilé-ìwé girama ó lọ sí University College, Ìbàdàn, èyí tó di University of Ibadan lẹ́yìn náà. Kì í ṣe òfin ló kọ́ níbẹ̀. Èdè àti ìtàn àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ló kọ́, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ òbí ìgbà náà ì bá sọ pé kò lè bọ́ ènìyàn. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni orúkọ kan ti wá lẹ́yìn ọ̀la tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń pè é: Cicero ti Ẹ̀sà-Òkè. Lọ́yà Róòmù ni Cicero í ṣe, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù lọ nígbà ayé rẹ̀, tó sì ń bá àwọn alágbára wí níta gbangba. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú òṣèlú ló rán ènìyàn lọ pa á. Àwọn tó fún ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní orúkọ yìí, ẹnu dídùn nìkan ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n fún un.

Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá kàwé òfin, ó gboyè níbẹ̀ ní 1959, wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ lọ́yà ní Inner Temple ní 1961. Ọdún 1961 yìí kan náà ló dá ilé iṣẹ́ lọ́yà tirẹ̀ sílẹ̀, Bola Ige & Co. Nígbà tó yá, ó di Senior Advocate of Nigeria, èyí tó ga jù nínú oyè àwọn lọ́yà wa. Amòfin náà ni ìyàwó rẹ̀, Atinúkẹ́, tó di adájọ́ títí tó fi dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé òfin nilé wọn, kò sí àní-àní.

Ẹ má ṣe gbàgbé irú ayé tó dé bá. Lọ́yà tuntun tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé nígbà náà, òṣèlú ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́yà ni Awólọ́wọ̀, lọ́yà ni Akíntọ́lá. Ní 1962 ni àwọn méjèèjì forí gbárí, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi fọ́ sí méjì. Bọ́lá Ìgè kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà láàárín gbùngbùn ìjà náà, ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀ ló sì wà. Òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìkéde ẹgbẹ́, ẹnu ẹgbẹ́ nìyẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa: ìjà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní May 1962, ìjọba pàjáwìrì, ẹ̀wọ̀n Awólọ́wọ̀ ní 1963, ìbò 1965 àti wẹ́tìẹ́ tó sun ilé, tó sun ènìyàn. January 1966 ni sójà wá kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá la ìgbà náà já tí kò yà kúrò níbi tó dúró sí, àwọn èèyàn kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tó gbé Bọ́lá Ìgè ga nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn, kí ó tó gba ipò ìjọba kankan rárá.

Ipò ìjọba àkọ́kọ́ tó wá dé, lórí àwa àgbẹ̀ ló dé sí. Ní 1967, Gómìnà ológun Adéyínká Adébáyọ̀ fi í ṣe Kọmíṣọ́nnà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Western State, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1970. Ẹ ka ọdún náà dáadáa. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ni Àgbẹ́kọ̀yà ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá gbin kòkó lè máà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Marketing Board ni ó ń dá iye owó kòkó. Bí òyìnbó bá rà á wọ́n lókè òkun, iye tí Board bá là sílẹ̀ nìkan ni àgbẹ̀ yóò gbà, èrè tó kù ń lọ sápò ìjọba. Bí kòkó bá dé ìsọ̀, aláyẹ̀wò wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé kò gbẹ tó tàbí pé ó ti hu, owó mìíràn tún lọ nìyẹn. Lórí gbogbo èyí, ogun abẹ́lé ń jà, ìjọba ń wá owó, wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ san owó-orí kan náà pẹ̀lú owó ìdàgbàsókè àti owó mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà péré ni àwọn lè san, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè. Ìjọba kò gbọ́. Ní November 1968 wọ́n wọ́ lọ sí Mápó, ìbọn sì dún. Ní 1969 ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní July, wọ́n sì já ẹ̀wọ̀n Agodi ní September, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Táfá Adéoyè sọ̀rọ̀ ní ìhà Akàn-ràn kí nǹkan tó rọlẹ̀, tí ìjọba fi dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Níbo wá ni Kọmíṣọ́nnà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú gbogbo èyí? Èrò tiwa ni pé a kò lè di ẹrù náà lé òun nìkan lórí. Ìjọba ológun ni, gómìnà ló ń pàṣẹ, owó-orí kò sì sí lábẹ́ ẹ̀ka tirẹ̀. Síbẹ̀ inú ìjọba náà ló jókòó sí. Àwọn tó mọ̀wé jù lọ nílẹ̀ wa ló yí Adébáyọ̀ ká nígbà náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rí i pé àgbẹ̀ Akàn-ràn àti ti Ọ̀nà-Àrà ti dé ògiri. Ẹ jẹ́ ká fi sí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa rí ni pé ọkùnrin tó di gómìnà ní 1979 kò tún fi ọ̀rọ̀ owó-orí mẹ̀kúnnù ṣeré mọ́.

Lẹ́yìn 1970 ó padà sídìí iṣẹ́ lọ́yà rẹ̀. Ó bá World Council of Churches ṣiṣẹ́ lórí ìjà tí wọ́n ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, èyí tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù Áfíríkà.

Ní 1978 ni àwọn ológun tú okùn òṣèlú. Awólọ́wọ̀ dá UPN sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀, Bọ́lá Ìgè sì dupò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí o. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè-Ògùn, Òṣogbo, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, gbogbo rẹ̀ ló wà pa pọ̀, nítorí 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀. Ó wọlé. Sunday Afọlábí ni igbákejì rẹ̀, Bísí Àkàndé sì jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Ọjọ́ kìíní October, 1979, ni wọ́n búra fún wọn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì kéde pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ ní gbogbo ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ṣáájú 1979, bí September bá ti ń sún mọ́, ohun tí àwọn òbí ń tìtorí rẹ̀ yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tó ní ọmọ márùn-ún yóò yan ẹyọ kan rán lọ sí girama, àwọn yòókù á kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí wọ́n bá a lọ sóko. Lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin ni àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Lójijì, ẹni márààrún lè lọ. Àwọn abúlé tí kò ní girama rí bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń da bíríkì, wọ́n ń gbé páànù. Ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ, olùkọ́ kò tó, ilé-ìwé mìíràn ní láti pín ọmọ sí ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán.

Àwọn alátakò kò dákẹ́. Wọ́n ní ìwé tí kò jinlẹ̀ ni, pé ẹni tó fi igi pákó ṣe tábìlì kò tíì kọ́ ilé-ìwé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀pẹ̀rẹ̀ ní 1982 sí 1983, ìjọba ìpínlẹ̀ púpọ̀ kò rí owó oṣù san fún àwọn olùkọ́, ìyà náà sì jẹ àwọn olùkọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ń fi ìpamọ́ wọn jẹun. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún ara wa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, àti díẹ̀ nínú àwa tó ń kọ ọ́, inú irú yàrá páànù bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ ìwé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró títí yàrá yóò fi pé, a ò bá má lọ rárá ni.

Àkókò rẹ̀ náà ni Polytechnic Ìbàdàn ní ẹ̀ka ní Èrúwà, Ṣakí, Ìrèé àti Ẹ̀sà-Òkè. Àwọn kan bá a wí pé ó gbé ọ̀kan lọ sí ìlú ara rẹ̀. Ó dáa, ó gbé e lọ. Ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ti di ilé ẹ̀kọ́ gíga tó dá dúró báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà kò ṣoríire bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ológun ti dé ni wọ́n pa wọ́n rẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n August, 1980, òjò ńlá rọ̀ nílùú Ìbàdàn, Ògùnpa sì kún. Odò tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Òkú tí wọ́n rí kó ju igba lọ, kò sì sí agbolé tí kò mọ ẹnì kan tó bá a lọ. Ìṣòro náà kì í ṣe tuntun, Ògùnpa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwa ará Ìbàdàn sì ń da ìdọ̀tí sí i bí ẹni ń da á sí ààtàn. Gómìnà tó dé ní ọdún kan péré ṣáájú ló wá jẹ gbèsè gbogbo rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ mú o. Ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, ó dá wàhálà sílẹ̀ fún un ní Agodi. Bí ó bá fẹ́ bá ènìyàn wí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ ọ́, a sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò. Igbákejì rẹ̀ Afọlábí lọ sí NPN, Bísí Àkàndé ló wá rọ́pò rẹ̀. Bùsàrí Adélakùn, tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ sí Ẹ̀rù-Ò-Bodò, tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà lábẹ́ rẹ̀, lọ pẹ̀lú. Nígbà tí ìbò 1983 sì máa dé, NPN mú Ọmọlólú Olúnlóyọ̀ jáde, ọmọ Ìbàdàn pọ́nńbélé, ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Ariwo wá gbòde pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti ṣe tirẹ̀, ó yẹ kó kan onílé. Wọ́n kéde pé Olúnlóyọ̀ ló wọlé. Àwọn UPN ní wọ́n jí ìbò àwọn gbé ni. Bọ́lá Ìgè gba ilé-ẹjọ́ lọ, lọ́yà wá di olùpẹ̀jọ́, wọn kò sì dá a láre. Oṣù mẹ́ta péré ni Olúnlóyọ̀ lò. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, àwọn sójà tún gbà á.

Wọ́n kó àwọn gómìnà àná sátìmọ́lé. Wọ́n fẹ̀sùn kan Bọ́lá Ìgè lórí owó ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn ilé-ẹjọ́ ológun ìgbà náà kì í sì í ṣe èyí tí lọ́yà máa ń fẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Babangida gba ìjọba ní August 1985 ló tó bọ́. Kò padà sídìí òṣèlú wéré bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ti ìjọba Babangida, òun yóò jókòó, òun yóò máa wò ó, èyí tó pè ní siddon look ní èdè pígín. Gbogbo Nàìjíríà ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó. Ó ń kọ̀wé, ó ń gba ẹjọ́ rò, ó sì ní ojú-ewé tirẹ̀ nínú Sunday Tribune tí wọ́n ń pè ní Uncle Bola's Column. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn olóṣèlú Nàìjíríà jáde ní 1995. Ìgbà Abacha ni kò lè jókòó wò mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ márùn-ún tí Abacha fọwọ́ sí para pọ̀ pé òun nìkan ni àwọn yóò dìbò fún, ó ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Ní May 1998, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n tún mú un. Abacha kú ní June.

Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ AD sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé òun ni yóò dupò ààrẹ. Àwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re mú Olú Fálaè ní January 1999. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tí Ọbásanjọ́ wọlé, tí wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti 1967 nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí ọmọ ogun ní Ìbàdàn, ó pè é kó wá ṣe mínísítà, ó sì lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dárí èyí jì í. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, iná náà kò sì tàn bó ti ṣèlérí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ti rí, kò sí mínísítà tó tíì mú un tàn láti ìgbà náà. Ní 2000 wọ́n gbé e lọ sí ibi tó mọ̀, ó di mínísítà ìdájọ́ àti agbẹjọ́rò àgbà. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ epo inú òkun lọ sí Supreme Court ní 2001, kí wọ́n lè sọ ẹni tó ni ín láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ etíkun. Òun náà ló kọjú sí ìdájọ́ pípa obìnrin nítorí àgbèrè tí àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti ń múra láti fi ipò náà sílẹ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ òfin àgbáyé ti United Nations, ó sì fẹ́ padà wá tún ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbóná nígbà náà, gómìnà, ìyẹn Bísí Àkàndé, àti igbákejì rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn síra. Ní December 2001, ní ààfin Ọọ̀ni nílé Ifẹ̀, níbi ayẹyẹ oyè, àwọn jàǹdùkú yọ fìlà lórí rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Àgbàlagbà tó lé ní àádọ́rin ọdún ni. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà, ní alẹ́ Sunday, ọjọ́ kẹtàlélógún December, àwọn agbébọn wọ ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti lọ wá oúnjẹ. Wọ́n bá a ní yàrá, wọ́n yìnbọn fún un ní àyà. Agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè ni wọ́n pa bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀sà-Òkè ni wọ́n sin ín sí. Adájọ́ Atinúkẹ́ Ìgè tẹ̀ lé e ní 2003.

Wọ́n mú àwọn ènìyàn, wọ́n gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ti ṣèlérí pé àwọn yóò ṣí ìwé ẹjọ́ náà padà. Títí di àkókò tí a ń kọ èyí, kò sí ẹnì kan tí wọ́n dá lẹ́bi ikú náà.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní fọ́tò, ìwé ìgbaniwọlé sí ilé-ìwé, tàbí rìsíìtì owó ilé-ìwé láti ṣáájú 1979 nílé, a bẹ̀ ẹ́ kó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. A ó yà á, a ó sì dá a padà fún un lọ́jọ́ náà.